Gíláàsì Tí Kò Pòórá Nínú Òróró

Bíkà mẹ́ta ló bú mọ́ wa lórí sítóòfù láàárín wákàtí kan, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní àárín àwọn ọdún 1990. Bíkà ni ife gíláàsì ẹlẹ́nu fífẹ̀ tí a fi ń se omi àti kẹ́míkà nínú láàbù. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ sí Ṣàgámù ni, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì, ìdánwò àṣekágbá wọn sì ku oṣù méjì péré. Èkíní bú, a rẹ́rìn-ín. Èkejì bú, ẹ̀rín tán. Ẹ̀kẹta ló da omi gbígbóná sí ọmọbìnrin kan lọ́rùn ọwọ́, tí awọ ibẹ̀ fi bó.

Kí agogo oúnjẹ ọ̀sán tó lù, kúẹ́rì ti dé ọwọ́ olùtọ́jú láàbù.

Bàbá ni gbogbo wa ń pe olùtọ́jú náà, láti orí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ títí dé orí ọmọ tó wọlé lánàá. Ọmọ Ṣàgámù ni wọ́n, mùsùlùmí, ọmọ ìdílé oníṣòwò obì. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà, ṣùgbọ́n kò sí ìgò kan nínú láàbù náà tí wọn kò lè nawọ́ mú bí a bá di wọ́n lójú. Èdè Rẹ́mọ pọ́ńbélé ni wọ́n ń sọ. Èdè ìwé ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ wọn síhìn-ín kí ó lè yé gbogbo ènìyàn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó sì ku ọdún méjì kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Kúẹ́rì náà sọ pé àìbìkítà wọn ló fa jàǹbá yìí, pé àjọ tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ yóò rán ìgbìmọ̀ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àti pé bí ẹ̀bi bá jẹ́ tiwọn, wọn yóò lé wọn. Ẹni tí a bá sì lé kò ní gba owó ìfẹ̀yìntì.

Yanrìn ni ohun tí wọ́n fi kàn wọ́n. Kànrìnkàn, eérú àti yanrìn kíkúnná tí wọ́n ń bù létí odò ni Bàbá fi ń fọ bíkà, bí ìyá wọn ti ń fọ ìkòkò. Gbogbo wa la mọ̀. Èmi tí mo gba oyè nínú kẹ́mísírì, tí mo mọ̀ pé yanrìn le ju gíláàsì lọ, mo mọ̀ pẹ̀lú, n kò sì sọ̀rọ̀ rí, nítorí pé àwọn bíkà náà máa ń dán gbinrin, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo gbé ara mi sórí àga onídàájọ́.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ parí lọ́jọ́ náà, mo kó àfọ́kù jọ sórí tábìlì. Mo gbé bíkà àtijọ́ kan tí wọ́n rà nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ tì í, mo sì fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo àwọn méjèèjì. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Kò tíì pé oṣù kan tí àwọn tuntun tó bú yìí dé, síbẹ̀ ojú púpọ̀ nínú àfọ́kù wọn ti rí bíi fèrèsé ọkọ̀ tó ń rin ọ̀nà eléruku láti ọdún mẹ́wàá. Èyí àtijọ́ ní ìlà lára tirẹ̀ náà, n kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ, ṣùgbọ́n ìlà tín-ín-rín ni, ó ṣọ̀wọ́n, kò sì jinlẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló fọ àwọn méjèèjì, yanrìn odò kan náà ni. Kí ló dé tí ogún ọdún kò ṣe fún èyí ohun tí oṣù kan ṣe fún ìyẹn?

Bàbá jókòó sórí àpótí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, kúẹ́rì wà nínú àpò ẹ̀wù wọn.

"Tíṣà, kí ni wọ́n fi ń ṣe gíláàsì gan-an?"

"Yanrìn ni, Bàbá."

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà lọ́jọ́ tí kò yẹ. "Tó bá jẹ́ yanrìn ni ìyá ẹ̀, báwo ni yanrìn ṣe ń ha á lára? Abiyamọ wo ló ń fi èékánná bó ọmọ ẹ̀ lára báyẹn?"

Mo lè kọ fọ́múlà gíláàsì sára pátákó pẹ̀lú ojú dídì, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọkùnrin yìí kò sí nínú ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìtìjú rẹ̀ ló gbé mi padà sídìí àwọn ìwé tí mo lò ní yunifásítì, tí ikán ti ń jẹ etí wọn nínú páálí.

Bí ó ti yé mi nìyí. Nínú yanrìn, átọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ mẹ́rin, átọ̀mù ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ méjì. Gbogbo ọwọ́ ló di ọwọ́ mú, wọ́n sì tò lẹ́sẹẹsẹ láti etí hóró yanrìn kan dé etí rẹ̀ kejì. Ìdí nìyẹn tí yanrìn fi le. Bí a bá fi iná líle yọ́ ọ, tí a sì jẹ́ kí ó tètè tutù, àwọn átọ̀mù náà kì í ráyè padà sí ìlà wọn. Ibi tí òtútù bá ká kálukú mọ́ ni yóò gan sí. Ohun tó gan ní rúdurùdu yẹn ni gíláàsì. Ṣùgbọ́n rúdurùdu nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Iná tó lè yọ́ yanrìn nìkan kì í ṣe kékeré, nítorí náà àwọn tó ń ṣe ìgò àti fèrèsé a máa po sódà mọ́ ọn kí ó lè tètè yọ́. Sódíọ̀mù inú sódà yìí ni àjèjì tó wọ àárín ẹbí. Ibi tó bá wọ̀, ọwọ́ tí ọ́síjìn fi di sílíkọ́ọ̀nù mú a já, ọ́síjìn a sì yíjú sí àlejò. Bí sódà bá ṣe pọ̀ tó ni ọwọ́ tó já ṣe ń pọ̀ tó. Gíláàsì náà a dẹ̀, nǹkan a máa tètè ha á, bí iná bá sì kàn án, a máa wú ju bó ti yẹ lọ. Gíláàsì láàbù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bórọ́ọ̀nù ni wọ́n fi rọ́pò púpọ̀ nínú sódà rẹ̀, bórọ́ọ̀nù sì ní ọwọ́ tirẹ̀ tó fi ń di ọ́síjìn mú. Ó wọ inú agbo, kò já ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bàbá lọ́jọ́ kejì, wọ́n tẹ́tí títí mo fi parí. Wọ́n ní ó yé àwọn. Nílé bàbá wọn, obì tí a fi ọwọ́ tò sínú apẹ̀rẹ̀, ènìyàn lè jókòó lé e lórí láti Ṣàgámù dé òkè Ọya. Obì tí a kàn dà sínú apẹ̀rẹ̀ yóò máa yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá sì wá po òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn kí apẹ̀rẹ̀ lè tètè kún, ẹni tó rà á ni yóò sunkún.

"Àwọn tuntun yìí," ni wọ́n wí, "òkúta ni wọ́n pò mọ́ ọn."

Ìfura ni èyí, kì í ṣe ẹ̀rí. Mo wé àfọ́kù méjì sínú ìwé ìròyìn, ti bíkà àtijọ́ kan tó ti fọ́ tẹ́lẹ̀ àti ti tuntun, mo sì gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń gé gíláàsì fèrèsé ní Ṣàgámù, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí oríta ńlá. N kò sọ èyí tó jẹ́ èwo fún un. Ó gbé wọn sókè sí oòrùn, ó yí etí wọn sí mi.

"Ẹ wo etí eléyìí. Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń ṣe bí ewé? Gíláàsì fèrèsé ni. Irú ẹ̀ ló kún ṣọ́ọ̀bù mi yìí."

Ti àtijọ́ kò ní àwọ̀ ewé rárá. Ó mú irin tó fi ń la gíláàsì, ó fà á lára ti tuntun. Ó dún ṣíìì, ìlà gígùn kan sì tẹ̀lé e. Ó fà á lára ti àtijọ́. Irin náà yọ̀, ó han bí eku, ìlà tó kọ kò ju irun orí lọ. Ó ní gíláàsì yẹn kò gbọ́ tòun. Mo wá sọ ohun tí a ń fi wọ́n ṣe fún un.

"Ẹ gbé fèrèsé ka iná, Tíṣà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé irin rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, tí mo ròyìn fún Bàbá, wọ́n fa àpótí wọn súnmọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun kan tí wọ́n ti fi pamọ́ fún ọdún mélòó kan. Nínú láàbù wa, ìgò ńlá ẹlẹ́nu fífẹ̀ kan wà tó kún fún òróró ẹ̀pà, èyí tí olùkọ́ físíìsì fi ń kọ́ àwọn ọmọ bí omi àti òróró ṣe wúwo jura lọ. Lọ́jọ́ kan, bíkà kékeré kan bọ́ sínú òróró náà lọ́wọ́ Bàbá, kò sì sí mọ́. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọn kò rí i. Ìgbà tí wọ́n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ni wọ́n tó bá a nísàlẹ̀, odindi. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù bà wọ́n pé ojú wọn ló ń lọ, àti pé bí ilé ẹ̀kọ́ bá gbọ́, wọn yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ afọ́jú.

Mo sáré gbé ìgò òróró náà. Bíkà àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ tì bọ̀ ọ́. Bí òróró ti ń kún inú rẹ̀ ni ó ń pòórá, láti ìdí dé ẹnu, bí ẹni ń pa á rẹ́. Mo ti èyí tuntun bọ̀ ọ́. Ó dúró síbẹ̀ gedegbe, a rí ẹnu rẹ̀, a rí ìdí rẹ̀. Mo ṣe é nígbà márùn-ún. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti inú òróró kọjá sínú gíláàsì, a máa tẹ̀ díẹ̀, títẹ̀ yẹn ni ojú wa ń rí tí a fi ń mọ̀ pé gíláàsì wà níbẹ̀. Òróró ẹ̀pà àti gíláàsì oníbórọ́ọ̀nù ń tẹ ìmọ́lẹ̀ bákan náà. Ìmọ́lẹ̀ kò mọ ìgbà tó kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Gíláàsì onísódà kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú agbo átọ̀mù náà ló ń pinnu líle rẹ̀, òun náà ló sì ń pinnu bóyá a ó rí i nínú òróró. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé kúẹ́rì fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan.

Bàbá kò gbàgbé. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n ní, "Ojú mi ò fọ́ nìyẹn."

Lọ́sàn-án yẹn ni mo dá a lábàá pé kí wọ́n má mẹ́nu ba yanrìn bí ìgbìmọ̀ bá dé. Ẹ̀rí òróró ti tó. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ibi tí yanrìn bá ha ni gíláàsì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í là, bó ti wù kí ó le tó. Bí ìgbìmọ̀ bá gbọ́ èyí, wọn yóò dì í mú. Bàbá ní bí wọ́n bá béèrè, àwọn yóò sọ. Wọ́n ní ẹnu tí àwọn fi ń kírun kọ́ ni àwọn yóò fi purọ́ nítorí owó ìfẹ̀yìntì. Ojú tì mí.

Ṣùgbọ́n àṣà iṣẹ́ wọn ló gbà wọ́n. Bí Bàbá bá ti fọ bíkà tuntun fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n a máa fi ọ̀dà pupa kán tóńtó kan sí i nídìí, kí wọ́n lè mọ èyí tí omi ti kàn. Mo padà wo ìdí àwọn mẹ́ta tó bú. Méjì ní àmì pupa. Ẹ̀kẹta, èyí tó da omi sí ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, kò ní. Inú páálí ni ọmọ kan ti yọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Yanrìn kò kàn án rí.

Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta dé ní ọjọ́rú. Àgbàlagbà kan tó ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún ni olórí wọn. Ó bi Bàbá bóyá yanrìn ni wọ́n fi ń fọ nǹkan. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kù ti ń kọ èyí sílẹ̀ kíá nígbà tí mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wá síbi ìgò òróró. Nígbà tí bíkà àtijọ́ pòórá, olórí wọn wò mí.

"Ṣé onídán lẹ pè wá wá wò ni, Tíṣà?"

Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó ti ìka bọ inú òróró, ó tọ́ bíkà náà nídìí. "Ó kúkú wà ńbẹ̀," ni ó wí, ó sì tún fi ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti ti tuntun bọ̀ ọ́, mo fi etí ewé hàn wọ́n, mo gbé ìdí aláìlámì lé e lọ́wọ́. Ó béèrè ẹni tó gba páálí náà wọlé.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa dìde. Obìnrin àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ni wọ́n, ọmọ ìjọ tó ń sinmi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí kì í jẹ́ kí oòrùn ọjọ́ Ẹtì wọ̀ bá iná nídìí àdògán wọn. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n ṣàlàyé pé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni agbaṣẹ́ṣe kó ẹrù náà dé. Bàbá, tó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò, ti lọ kírun Jímọ́ọ̀ ní Ṣàgámù. Àwọn fúnra wọn ń kánjú lọ sílé kí wọ́n lè parí oúnjẹ kí ọjọ́ ìsinmi tó wọlé. Èmi olùkọ́ kẹ́mísírì ti wọ ọkọ̀ lọ sí Ìsarà láti agogo kan, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi lópin ọ̀sẹ̀. Kò ku ẹnì kan. Agbaṣẹ́ṣe tó bá mọ Rẹ́mọ dáadáa mọ wákàtí yẹn.

"Mo gbé ọ̀kan wò," ni ọ̀gá wa wí. "Ó wúwo ju ti àtijọ́ lọ. Mo fi ìka kàn án, ó dún kin. Mo ní èyí lágbára. Mo sì fọwọ́ sí i."

Bí àwọn ìyá wa ti ń ra abọ́ tánńganran lọ́jà nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè bú wọn. Ṣùgbọ́n gíláàsì kì í ṣe tánńganran. Bí ó bá ti nípọn tó ni ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ti gbóná, tí yóò ti wú, kí inú rẹ̀ tó mọ̀ pé iná ń jó. Ẹ̀yìn á máa tì, inú á máa kọ̀, títí yóò fi bú. Ìwúwo tí wọ́n gbójú lé gan-an ló yára pa á.

Olórí ìgbìmọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti yé òun.

Lẹ́yìn oṣù kan ni ìwé àjọ náà dé. Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n nà án sí mi. Ó sọ pé a ti gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò, pé a fi ojú àánú dárí jì wọ́n, àti pé kí wọ́n má ṣe irú rẹ̀ mọ́. Kò dárúkọ yanrìn, kò dárúkọ sódà, kò dárúkọ agbaṣẹ́ṣe. Iṣẹ́ wọn kò bọ́. Owó ìfẹ̀yìntì wọn kò bọ́.

"Tíṣà, kí ni mo ṣe tí n kò gbọdọ̀ ṣe irú ẹ̀ mọ́?"

Èmi ni mo kọ̀wé padà pé kí wọ́n yọ ìwé náà kúrò nínú fáìlì ọkùnrin tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sì pe ẹni tó ta fèrèsé fún wa ní orúkọ bíkà. Wọn kò fèsì. Mo kọ èkejì. Ẹ̀kẹta, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa bá mi fọwọ́ sí i láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n. Wọn kò fèsì sí ìyẹn náà. Ìwé ìdáríjì yẹn wà nínú fáìlì Bàbá lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì, bóyá ó sì wà níbẹ̀ títí dòní, nítorí náà ni mo fi ń kọ èyí síbi tí ojú gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Ọkùnrin náà kò jẹ̀bi. Ẹni tó jẹ̀bi kò gba kúẹ́rì kankan.

Ṣùgbọ́n kí Bàbá tó fẹ̀yìn tì, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan tún dé. Mo ti pa ìrìn Ìsarà tì láti ìgbà yẹn, ojú mi ló ṣe. Ọkọ̀ agbaṣẹ́ṣe kan náà wọlé, wọ́n gbé páálí méjì sọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, awakọ̀ na ìwé àti kálàmù sí ọ̀gá wa. Wọ́n ní kí ó jókòó. Wọ́n rán ọlọ́kadà kan lọ sí Ṣàgámù kó lọ pe Bàbá. Awakọ̀ jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Níkẹyìn, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ rán ọ̀gá wa létí pé oòrùn ń lọ, pé ṣé ẹ̀yin màmá kò ní dáná lónìí ni. Ọ̀gá wa ní àwọn yóò jẹ gààrí.

Oòrùn ti rọ̀ wálẹ̀ sẹ́yìn àwọn igi kòkó nígbà tí Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, fìlà funfun ṣì wà lórí wọn. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni pẹ́. Wọ́n ya páálí, wọ́n yọ bíkà kan, wọ́n gbé e sókè sí ìwọ̀n oòrùn tó kù, wọ́n sì gbé e wọ láàbù. Gbogbo wa tẹ̀lé wọn, awakọ̀ náà tẹ̀lé wa. Wọ́n rọra tì í bọ inú òróró, wọ́n sì sún sẹ́yìn kí ọ̀gá wa lè súnmọ́ ọn.

Ọ̀gá wa bẹ̀rẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ ìgò náà pẹ́.

"Mo ṣì ń rí i," ni wọ́n wí, wọ́n sì dá kálàmù awakọ̀ padà fún un.